Ta ló sọ pé àjẹ́ ló ké lánàá?

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, aago mọ́kànlá ti lù, mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti sùn ni fóònù mi dún. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, èyí tó wà ní Leicester nílùú Ọba. Òun náà kàwé òfin bíi tèmi, ó ń wá iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ àwọn lọ́yà kan ní London, wọ́n sì ti ní kó wá ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n dáhùn ìkíni rẹ̀ tán. "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ìdáhùn tí mo mú tọ̀nà, mo mọ̀ pé ó tọ̀nà, ẹ̀rọ yìí wá ní mo kùnà."

Ó ka ìbéèrè náà fún mi. Mo ní kó gbé ìyẹn sílẹ̀ ná, mo bá fi ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ṣe irú rẹ̀ fún un. Mo ní, ká sọ pé màmá rẹ sọ pé: "Kí owó ọbẹ̀ lè dín kù lóṣù yìí, ẹja ni kí ẹ máa rà, ẹ fi ẹran sílẹ̀." Wọ́n wá to ọ̀rọ̀ mẹ́ta kalẹ̀, wọ́n ní kó o mú èyí tí màmá ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí kí wọ́n tó lanu sọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́, ẹja tí yóò tó yín jẹ kò wọ́n tó ẹran tí yóò tó yín jẹ. Ìkejì, ẹja ṣe ara lóore ju ẹran lọ. Ìkẹta, ẹja wà lọ́jà tí ẹ lè rà.

Ó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Mo ní ó kùnà ọ̀kan, ìkejì. Inú bí i. Ta ni kò mọ̀ pé ẹja dára fún ara ju ẹran lọ? Àwọn dókítà ń sọ ọ́, rédíò ń sọ ọ́. Mo ní mi ò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ṣé màmá dárúkọ ara? Owó ni wọ́n dárúkọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń fìdí rẹmi nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sì tètè sọ pé èmi náà wà nínú wọn. Ìdánwò tí ọmọ yìí fẹ́ ṣe, Watson-Glaser ni wọ́n ń pè é, orúkọ àwọn ará Amẹ́ríkà méjì tó ṣe é. Ìsọ̀rí márùn-ún ló ní. Ọ̀kan nínú wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú rẹ, kí wọ́n wá bi ọ́ pé kí ni ẹni tó sọ ọ́ ti gbà láìsọ. Èyí tó wọ́pọ̀ báyìí, ìbéèrè 40 ni, ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n sì fún un, o ò ráyè họra. Àwọn iléeṣẹ́ lọ́yà ńláńlá nílùú Ọba ń fi í sẹ́ àwọn tó ń wáṣẹ́ bí ẹni ń sẹ́ ògì, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń di èérí. Ní Amẹ́ríkà, LSAT ni ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin sábà máa ń ṣe. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 120, ó parí sí 180. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024 tí wọ́n ti yọ apá "ta ló jókòó ti ta, ta ló ṣáájú ta" kúrò nínú rẹ̀, apá méjì nínú mẹ́ta tí wọ́n ń gba máàkì lé lórí ló ti di ti irú ìrònú yìí. Nílé níbí náà, àwọn báńkì àti iléeṣẹ́ ńláńlá l'Ékòó máa ń ju irú rẹ̀ sínú ìdánwò àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Tó o bá ti wáṣẹ́ rí, ó ṣeé ṣe kó o ti pàdé rẹ̀ láì mọ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wá yẹn, èmi ń pè é ní ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò sọ ọ́, ẹni tó ń gbọ́ kò gbọ́ ọ, síbẹ̀ orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé bí ilé ṣe ń dúró lórí ìpìlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ kò le. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí ẹ fura sí, ẹ yí i padà sí òdì, kí ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tòkè bóyá ó ṣì dúró. Ẹja wọ́n tó ẹran. Ọ̀rọ̀ màmá wó lulẹ̀, kí ni kí á tún fi ẹran sílẹ̀ fún? Kò sí ẹja lọ́jà. Ó tún wó. Ẹja kò ṣe ara lóore ju ẹran lọ. Ọ̀rọ̀ màmá dúró digbí, torí ẹni tó ń ṣọ́ owó ná kò bá ọ sọ̀rọ̀ ìlera. Ìkejì yẹn lè jẹ́ òótọ́ títí ayé, kì í ṣe òpó ilé yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni òpó ilé lè jẹ́ irọ́. Pé ẹja kò wọ́n tó ẹran, ẹni tó bá na ọjà Bódìjà láìpẹ́ yìí á fẹ́ rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ òun ni màmá gbé ọ̀rọ̀ lé, òun náà sì ni ìdáhùn. Ohun tí ìdánwò ń béèrè ni ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Bóyá ohun ọ̀hún jẹ́ òótọ́ kò kàn án.

Ọ̀nà kejì tí mo máa ń lò ni pé kí n wo ìparí ọ̀rọ̀ bóyá ohun kan yọjú níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀rẹ̀. "Ọmọ náà ló ń ṣe ipò kìíní ní kíláàsì rẹ̀, lọ́yà gidi ló máa jẹ́." Kíláàsì ni a fi bẹ̀rẹ̀, ilé ẹjọ́ la já sí. Ta ló gbé wa kọjá? Afárá kan wà láàárín tí a gùn kọjá láì wolẹ̀: pé ohun tó ń múni ṣe ipò kìíní níléèwé ló ń sọni di lọ́yà gidi. Ẹni tó bá ti jókòó ní kóòtù fún ọ̀sẹ̀ kan á mọ̀ bóyá afárá yẹn lè gbé mọ́tò.

LSAT tún fi ọgbọ́n kan lé e. Nígbà mìíràn, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣe kó má ní. Nígbà mìíràn, wọ́n á béèrè èyí tó jẹ́ pé tí a bá fi kún un, ọ̀rọ̀ á tì pa, kò ní sí ihò kankan lára rẹ̀ mọ́. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ká ní ẹnìkan sọ pé: "Bàbá yìí ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún, nítorí náà ohun tí wọ́n bá sọ nípa ààlà ilẹ̀ yìí, ẹ gbà á." Tí a bá fi kún un pé ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún bá sọ nípa ilẹ̀, ẹ gbà á, ẹjọ́ ti parí, kò síhò. Ṣùgbọ́n kò di dandan kí ẹni tó sọ̀rọ̀ gbà tó bẹ́ẹ̀. Ó lè má gba ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin gbọ́ rárá. Ohun tí kò lè ṣe kó má gbà ni pé bàbá náà kò tíì gbàgbé ibi tí ààlà wà. Ẹ yí ìyẹn padà. Bàbá ti gbàgbé ibi tí ààlà wà, ta ni yóò tún bá wọn lọ sórí ilẹ̀? Àwọn tó ti ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ rí mọ̀ pé mi ò ṣàwàdà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe Watson-Glaser, ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ọkàn mi balẹ̀. Ṣebí lọ́yà ni mí, iyàn ni iṣẹ́ mi. Ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ yìí gan-an ló pa mí láyò. Mo bi ara mi léèrè pé kí ló dé, ìdáhùn tí mo rí kò sì wá láti inú ìwé kankan.

Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa láti máa parí ọ̀rọ̀ fúnra wa. Tí àlejò bá wọlé tí màmá mi bá ṣẹ́jú sí mi lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti mọ̀ pé kí n lọ bu omi wá, kí n má sì tọrọ ẹran lójú àlejò. Tí bàbá mi bá ní, "Ṣé ìwọ nìkan lo wà nínú ilé yìí ni?", wọn ò béèrè iye èèyàn, rédíò ni kí n yí wálẹ̀. Ọmọ tó bá ní kí wọ́n ṣàlàyé, wọ́n á ní kò lójú inú. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn, mi ò ní í fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Àbọ̀ kan wá láti ẹnu ẹni tó sọ̀rọ̀, àbọ̀ kejì wá láti inú èmi tí mo gbọ́ ọ. Tí ọ̀rọ̀ bá ti wá di odindi, mi ò rántí mọ́ pé èmi ni mo fi àbọ̀ kejì sí i. Mo ti gbà pé odindi ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Àbọ̀ kejì yẹn ni wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò, ojú tí màá fi rí i ni mo ti fi ogún ọdún kọ́ láti dì.

Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ London nìkan ló ń bá a lọ ni, ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2012, mo wà ní ìpele kẹrin nínú ẹ̀kọ́ òfin, mo wálé lo ìsinmi ní Ìbàdàn. Ilé tí à ń gbé nígbà náà, àwọn ilé tí yàrá kọjú síra yẹn ni, ayálégbé mẹ́jọ, ilé ìwẹ̀ kan. Màmá onílé ló ń kó owó àjọ àwọn obìnrin àdúgbò. ₦60,000 wà nínú agolo bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n kà á lọ́jọ́ Ajé, ó pé. Ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé e fún ẹni tó kàn, agolo ṣófo. Ní Ọjọ́rú tó wà láàárín, gbogbo ilé ló lọ síbi òkú kan ní Ọ̀yọ́, àfi ọmọkùnrin kan tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ nínú ilé yẹn, tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wọ bàtà tuntun.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà ni wọ́n pe gbogbo wa sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo. Màmá onílé kàn ń to ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan ni: mo kà á lọ́jọ́ Ajé, ìwọ nìkan lo wà nílé lọ́jọ́rú, kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, bàtà tuntun rèé lẹ́sẹ̀ rẹ. Wọ́n wá mí kanlẹ̀, wọ́n ní: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Gbogbo wa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà mi orí.

Ọmọ náà ní ọ̀gá òun ló fún òun lówó bàtà, torí aṣọ ẹbí kan tí àwọn rán mọ́jú. Wọ́n ní kó pe ọ̀gá rẹ̀. Ó pè é, kò lọ. Ó tún un pè, kò lọ. Ọ̀gá ti rìnrìn-àjò. Ìyẹn náà wá di ẹ̀rí tuntun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó mọ́, àǹtí rẹ̀ ti di ẹrù rẹ̀, ó ní kó máa lọ bá ìyá rẹ̀ lábúlé. Ó ti lo ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta nídìí iṣẹ́ náà. Oṣù mẹ́sàn-án ló kù kí wọ́n ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e síwájú bí ìbéèrè ìdánwò. Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí: ọmọ yìí ló jí owó. Kí ni àwa tí a mi orí ti gbà láìsọ?

A ti gbà pé owó ṣì wà nínú agolo láàárọ̀ Ọjọ́rú. Ta ló ṣí agolo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Kò sẹ́ni tó béèrè. Ẹ yí i padà, ẹ ní owó ti kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ wá wo ohun tó kù nínú ẹjọ́ náà. Pé ọmọ yẹn nìkan ló wà nílé lọ́jọ́rú kò tún já mọ́ nǹkan kan. A ti gbà pé kò sẹ́ni tó wọlé láti ìta, nínú ilé tí wọn kì í ti géètì rẹ̀ lọ́sàn-án. A ti gbà pé gbogbo ẹni tó lọ sí Ọ̀yọ́ ló dúró sí Ọ̀yọ́ dìrọ̀lẹ́, nígbà tó jẹ́ pé mọ́tò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la wọ̀, a ò sì padà pọ̀. A ti gbà pé ọmọ iṣẹ́ kò lè rí owó bàtà láìjalè, bẹ́ẹ̀ bàtà yẹn, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, bàtà ọjà ni, kò lè ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lọ. Àti pé ẹni tó jí ₦60,000 yóò fi bàtà owó olè rìn níwájú olówó láìtíì pé ọjọ́ mẹ́ta. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olè kan gọ̀. Ṣùgbọ́n àwa la sọ pé èyí gọ̀, òun ò sọ ọ́.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ń kọ́ wa ní Òfin Ẹ̀rí. Abala 167 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 fún ilé ẹjọ́ láyè láti gba àwọn nǹkan kan bí òótọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rí gbè é. Ọ̀kan nínú wọn ni pé, ẹni tí wọ́n bá ká ẹrù olè mọ́ lọ́wọ́ láìpẹ́ sígbà tí wọ́n jí i, yálà òun ló jí i tàbí ó mọ̀ pé ẹrù olè ni kó tó gbà á, àyàfi tó bá lè ṣàlàyé bó ṣe dọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé òfin náà ní ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ tirẹ̀. Àmọ́ òfin gbé tirẹ̀ wá sórí ilẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè kà á, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n mú láti ṣàlàyé. Wọn ò ká agolo mọ́ ọmọ yẹn lọ́wọ́. Wọn ò ká owó mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàtà ni wọ́n bá lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Abala 36(5) ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sì ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn títí tí wọ́n á fi fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀. Mo mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, wọ́n sì fún mi ní máàkì tó dáa. Mo wá jókòó sórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, lọ́yà ọ̀la, mi ò béèrè ẹni tó ṣí agolo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé ọmọ náà kò jí owó. Mi ò mọ̀. Títí dòní, wọn ò rí owó yẹn. Àṣìṣe tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọgbọ́n yìí máa ń ṣe nìyẹn, mo sì ṣe é dáadáa fún bí ọdún kan: tí mo bá ti rí ihò lára ọ̀rọ̀ èèyàn báyìí, mo ti ní irọ́ ló ń pa. Ọ̀rọ̀ lè ní ihò kí ìparí rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Ohun tí ihò ń sọ fún wa ni pé a ò tíì débẹ̀, ọ̀nà ṣì kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gá télọ̀ dé láti ìrìn-àjò, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sílé wa, ó ní òun lòun fún un lówó bàtà. Òpó kan ti yẹ̀ nìyẹn. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣì wà nílẹ̀. Àǹtí ọmọ náà sunkún, ṣùgbọ́n kò ránṣẹ́ sí i pé kó padà. Ó ní ojú ń ti òun.

Mo ti ro òwe màmá onílé yẹn síwá sẹ́yìn. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ kò ní wàhálà, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra, ó parí. "Ta ni kò mọ̀" ni kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá dìde nínú agbo pé òun ò mọ̀, yálà òun ni òmùgọ̀ ibẹ̀, tàbí ó mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ta ló fẹ́ jẹ́ ìkankan nínú méjèèjì? Bí ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ ṣe ń wà lábẹ́ ilẹ̀ láìsí ẹni tó lè wú u jáde nìyẹn, ó ní ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ. Kì í sì í ṣe pé àwọn àgbà wa kò mọ ọgbọ́n kejì. Ẹni tó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ẹni tó ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà, wọn ò bá máa ṣe dáadáa nínú LSAT. Òwe wà fún ẹni tó fẹ́ béèrè, òwe wà fún ẹni tó fẹ́ kí ẹnu wa pa mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a mọ èyí tí a mú.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń mú òwe yẹn bó ṣe rí gan-an, wọn ò fi ṣe àfiwé rárá. Obìnrin arúgbó tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kú lè di àjẹ́ láàárín òru kan. Abala 210 nínú Criminal Code sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni pe ẹlòmíràn ní àjẹ́, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún méjì ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bóyá wọ́n gbọ́ ọ rí.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́, bàtà ti di fóònù báyìí. Ọmọ ọdún méjìlélógún, irun dídì lórí, kọ̀ǹpútà alágbèéká nínú báàgì, a ti mọ̀ ọ́n, Yahoo ni. Ẹ wú èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ jáde: kò sí iṣẹ́ gidi tí ọmọ ọdún méjìlélógún lè fi kọ̀ǹpútà ṣe tí owó á fi wọlé. Nínú ilé tí mò ń gbé báyìí nìkan, mo lè ka mẹ́ta tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti kọ́ láti máa fi báàgì rẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá tó bá jókòó tì í nínú ọkọ̀, tó bá ti rí àwọn agbófinró níwájú.

Láti padà sí alẹ́ ọjọ́ Àìkú: nígbà tí a ti ṣe ti ẹja tán, mo fún ọmọ náà ní òwe yẹn. Mo ní kó ṣe é bí ìbéèrè, kó sọ gbogbo ohun tí ẹni tó pa á ti gbà láìsọ.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Bọ̀dá mi, ta ló sọ pé àjẹ́ ló ké? Ó lè jẹ́ òwìwí."

Mo ní ó kù.

"Pé kì í ṣe àìsàn lásán ló pa ọmọ náà."

Ó kù.

"Pé ẹni tó ké lánàá lè pa ẹni tó kú lónìí."

Mo ní ó tún kù.

"Pé kò sí ọmọ tó kú rí lọ́jọ́ tí àjẹ́ kò ké."

Mo ní dúró níbẹ̀, yí ìyẹn padà. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè: ọmọ kan ti kú rí lọ́jọ́ tí àjẹ́ kò ké. Ó wá pariwo, "Háà! Ó ṣì dúró. Ẹja ni!" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo sọ ìtàn bàtà fún un, ó sì gbọ́ ọ dé ìparí láì dá mi lẹ́nu, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀? Kí lẹ wá sọ?"

Mo ní mi ò sọ nǹkan kan.

Kò fèsì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní kí n sùn re, òun náà fẹ́ sùn, ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò òun.